Ẹrù Ìkókó, Láti Ojú Irin Dé Inú Bàálù

Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ó ní ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ, ọjọ́ keje ni ti ọmọbìnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì takọtabo, ọjọ́ kẹjọ náà sì ni ti ọmọ Mùsùlùmí, ì báà ṣe akọ, ì báà ṣe abo. Ọjọ́ yẹn ni ìkókó kọ́kọ́ ń rí ìta. Kó tó dìgbà náà, inú yàrá ni òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Lónìí, ìlànà ìṣègùn IATA, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú àgbáyé, sọ pé kí ọmọ tí kò tíì pé wákàtí 48 má wọ bàálù rárá, àti pé ó dára kó pé ọjọ́ méje kó tó wọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ni kì í gba ọmọ tí kò pé ọ̀sẹ̀ kan àfi bí dókítà bá fọwọ́ sí i. Èémí ọmọ ló wà lọ́kàn àwọn tó ṣe ìlànà yẹn. Wọn kò bi ìyá àgbà kankan léèrè ní Ìkìrun. Síbẹ̀, ẹ wo ibi tí wọ́n lọ já sí.

Ìkìrun, Inísà àti Òkukù tò tẹ̀ lé ara wọn lójú ọ̀nà tó ti Òṣogbo lọ sí Ọ̀ffà, ní ilẹ̀ tí odò Ọ̀tìn ń ṣàn gbà. Kò sí pápá ọkọ̀ òfurufú nínú ọ̀kankan wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣòro láti rí agboolé kan níbẹ̀ tí kò ní ẹni tó ti gbé ìkókó gun bàálù, tàbí ẹni tí wọ́n bí sí ìdálẹ̀ tí wọ́n sì gbé wálé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń múra ọmọ ọwọ́ sílẹ̀ fún ìrìn àjò yìí, kó má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàálù. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ìyá agbègbè náà ti ń gbé ọmọ rìn jìnnà: lórí ẹsẹ̀, nínú ọkọ̀ ojú irin, nínú lọ́rì, nínú ọkọ̀ òkun. Ohun tó yí padà jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ẹrù. Láyé àtijọ́, ara ìyá ló ń ru ìrìn àjò ọmọ. Lónìí, bébà ló ń ru èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Ìrìn tó kọ́kọ́ kó ìkókó Òkukù jáde lọ́pọ̀ yanturu, ogun ló fà á. Ìbàdàn àti Ìlọrin ń du agbègbè náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, Òkukù sì bọ́ sáàárín méjèèjì. Ní nǹkan bí 1878, àwọn ará ìlú náà kó ẹrù wọn, wọ́n sá lọ sí Ìkìrun tí Ìbàdàn fi ṣe ibùdó ogun. Ọdún yẹn kan náà, ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, ni ogun Jálumi ṣẹlẹ̀ létí Ìkìrun. Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin àti àwọn tó bá a pọ̀, odò Ọ̀tìn sì gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sá lọ. Ó di 1893, nígbà tí ogun rọlẹ̀, kí àwọn ará Òkukù tó padà sí ilẹ̀ baba wọn. Ọmọbìnrin tí wọ́n pọ̀n lọ ti tó ẹni tí í pọn ọmọ tirẹ̀ bọ̀.

Kí ni irú ìyá bẹ́ẹ̀ dì? Kò dì púpọ̀. Aṣọ kan tí yóò fi pọn ọmọ, ọ̀já kan tí yóò gbà á mọ́ra lókè ìdí, aṣọ míì tí yóò fi bò ó bí òjò bá dé. Ọmú ni oúnjẹ, ẹ̀yìn ni ibùsùn, ooru ara ìyá ni aṣọ òtútù. Bí wọ́n bá fura pé àbíkú ni ọmọ náà, ṣaworo tàbí òrùka irin á wà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ìró rẹ̀ lè lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sá. (Ìbá ti fún ẹ̀rọ tó ń wá irin lára èrò ní pápá ọkọ̀ òfurufú ní iṣẹ́ ṣe.) Oríkì sì wà lẹ́nu ìyá. Karin Barber, onímọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ní Òkukù ní àárín àwọn ọdún 1970, tó sì kọ odidi ìwé lórí oríkì ìlú náà ní 1991, fi hàn pé ọwọ́ àwọn obìnrin ni iṣẹ́ oríkì pọ̀ sí jù níbẹ̀. Ohun tí obìnrin ń ké níbi ìyàwó àti níbi òkú àgbà, òun náà ló ń fi rẹ ọmọ tó ń ké lójú ọ̀nà.

Rélùwéè ló kọ́kọ́ tú ọ̀já.

Ìjọba amúnisìn ti ṣí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ní 1901. Ó dé Òṣogbo ní 1907, láti ibẹ̀ ó gba ilẹ̀ Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ọ̀ffà àti Ìlọrin, ó sì dé Jẹ́bà létí Ọya ní 1909. Nígbà tó fi di 1912, èèyàn lè wọ ọkọ̀ ní Èkó kó sọ̀ ní Kánò. Òwú àti ẹ̀pà ni òyìnbó ń wá, kì í ṣe ìyá ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá ọlọ́mọ kò dúró kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n. Obì, aṣọ àti àwọn ọjà wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ ń gòkè lọ sí Ìlọrin, Zaria àti Jos. Àlùbọ́sà àti ẹ̀wà ń sọ̀ kalẹ̀. Obìnrin tó ń ná ọjà ọ̀nà jíjìn kì í fi ọmọ ọmú sílé, torí oúnjẹ ọmọ náà wà lára rẹ̀.

Ìṣòro tuntun tí ọkọ̀ ojú irin kó dé ni àga. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lè pọn ọmọ láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹni tó jókòó tó sì fẹ̀yìn ti pákó, tí ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, á tẹ ọmọ náà pa. Bí ọmọ ṣe bọ́ sórí itan nìyẹn, ọ̀já tó ń so ó mọ́ ẹ̀yìn sì di ohun tí wọ́n ń ká sábẹ́ orí rẹ̀. Èédú ni ọkọ̀ náà ń jẹ nígbà yẹn, èéfín àti eérú gbígbóná sì ń gba ojú fèrèsé wọlé, nítorí náà aṣọ fúyẹ́ kan gbọ́dọ̀ wà tí wọ́n á fi bo ojú ọmọ. Ìrìn tó ń gba wákàtí púpọ̀ ń fẹ́ omi mímu, ẹ̀kọ tútù àti mọ́ínmọ́ín fún ìyá, àti àkísà tó pọ̀ tó fún ìdọ̀tí ọmọ. Ẹni tó bá ka ìmọ̀ràn tí àwọn ilé iṣẹ́ bàálù ń fún ìyá lónìí, á rí i pé rélùwéè ti kọ́ àwọn ìyá Ìkìrun ní ìdajì rẹ̀: gbé ọmọ síwájú, bo ojú rẹ̀, mú aṣọ ìpààrọ̀ ju iye tí o rò lọ.

Lẹ́yìn ojú irin ni Góòlù Kóòsì tí ó di Gánà ní 1957. Àwọn oníṣòwò Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ejígbò, Ìlọrin àti Ṣakí kún ọjà Accra, Kumasi àti Tamale, àwọn ará agbègbè Ìkìrun àti Inísà sì wà láàárín wọn. Àwọn ará ibẹ̀ ń pe obìnrin Yorùbá tó ń ta wọ́rọ́bọ ní Mami Alata, ọmọ rẹ̀ sì sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ. Lọ́rì ló ń gbé wọn gba Kútọnu àti Lomé kọjá. Ìrìn náà jẹ́ ti ọjọ́ mélòó kan, ibodè sì pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń béèrè ìwé lọ́wọ́ ìkókó. Ọmọ wà lára ìyá, ohun tó bá kan ìyá náà ló kan ọmọ. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n bí sí ibẹ̀, tí wọ́n gbé wálé wá fún ìyá àgbà rí, tí wọ́n sì tún gbé padà.

Ọjọ́ tí ìwé kọ́kọ́ di ọ̀ràn ńlá ni 18 oṣù kọkànlá, 1969. Ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí wọ́n kúrò ní Gánà. Àwọn tó ti gbé ibẹ̀ ju ogún ọdún lọ kò ní bébà kan lọ́wọ́. Àwọn ọmọ wọn tí wọ́n bí sí Kumasi àti Tamale kò ní ju wọn lọ. Ọ̀rọ̀ wá di bó ò lọ, o yà mí. Wọ́n ta ọjà ní àtapadánù, owó lọ́rì ga sókè, àwọn ìyá sì kó ọmọ wẹ́wẹ́ lé ẹrù, wọ́n doríkọ ilé tí àwọn ọmọ náà kò rí rí. Nínú gbogbo ìrìn àjò tí ìkókó agbègbè yìí ti rìn, èyí ni wọn kò fún ìyá láàyè láti múra fún. Àwọn kan padà sí Gánà nígbà tó yá, pàápàá lẹ́yìn tí ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn ìrìnnà láìsí físà ní 1979. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ 1969 kò kúrò nílẹ̀: kí ọmọ ní ìwé, kí ìwé náà sì wà níbi tí ọwọ́ lè tètè tó o.

Ní àsìkò kan náà, àwọn míì ń gba ojú òkun lọ sí Lọ́ńdọ́nù. Ọkọ̀ Elder Dempster mẹ́ta ló ń ná ọ̀nà Liverpool sí Èkó lẹ́yìn ogun Hitler: Accra, Apapa àti Aureol tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951. Ọjọ́ 13 ni ìrìn náà. Ó rọrùn fún ọmọ ju bàálù ìgbà yẹn lọ ní ọ̀nà kan: ìyá lè dìde, ó lè fọ aṣọ, ó lè pọn ọmọ rìn lójú pátákó ọkọ̀. Ohun tó ṣòro ni ibi tí wọ́n ń lọ. Ẹni tó kúrò ní Èkó nínú ooru, tó sọ̀ ní Liverpool nínú oṣù kìíní, gbọ́dọ̀ ti ní súwẹ́tà, fìlà onírun àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọ nínú àpótí. Ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ṣànpọ̀nná sì wà lára ohun tí arìnrìn-àjò ń dì ní ọdún wọ̀nyẹn, títí àìsàn náà fi tán láyé, tí wọ́n kéde rẹ̀ ní 1980.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dé ibẹ̀ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ọkọ ń kọ́ òfin lọ́sàn-án, ó ń ṣiṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ lóru. Ìyàwó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Yàrá kan ni wọ́n háyà. Nígbà tí ọmọ bá dé, ìyá àgbà tí í gbà á wẹ̀ kò sí nítòsí. Láti àárín àwọn ọdún 1950 ni àwọn òbí Nàìjíríà ti ń polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World, wọ́n ń wá ìdílé òyìnbó tí yóò bá wọn tọ́ ọmọ ní Kent, Essex tàbí Sussex. Nílé, kò sí ohun tuntun nínú kí ọmọ dàgbà lọ́wọ́ ìbátan. Àmọ́ òyìnbó tí wọ́n ń sanwó fún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kì í ṣe ìbátan, àwọn ọmọ kan sì jìyà rẹ̀ gidi. Adewale Akinnuoye-Agbaje, òṣèré tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ́nù ní 1967, tó dàgbà lọ́wọ́ irú alágbàtọ́ bẹ́ẹ̀ ní Tilbury, fi ìtàn ara rẹ̀ ṣe fíìmù *Farming* ní 2018. Àwọn òbí míì yan ọ̀nà kejì: wọ́n fi ọmọ rán ọ̀rẹ́ tàbí ìbátan tó ń bọ̀ wálé, kí ìyá àgbà gbà á títí wọn yóò fi parí ẹ̀kọ́.

Ìgbà yẹn ni bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ òkun. Imperial Airways ti fò dé Nàìjíríà láti 1936. Àwọn ìjọba amúnisìn mẹ́rin ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà dá ilé iṣẹ́ bàálù WAAC sílẹ̀ ní 1946, Nàìjíríà sì gba tirẹ̀ yà sọ́tọ̀ ní 1958, èyí tó di Nigeria Airways. Ọ̀nà Èkó gan-an ni BOAC, ilé iṣẹ́ bàálù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ṣí iṣẹ́ bàálù VC10 rẹ̀, ní 29 oṣù kẹrin 1964. Ilé iṣẹ́ náà ti ní ibùsùn kékeré fún ìkókó nínú bàálù láti àwọn ọdún 1950, èyí tí wọ́n ń fi kọ́ síwájú ìjókòó ìyá. Ọmọ àwọn òyìnbó òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ṣe é fún. Ọdún mẹ́wàá kò kọjá tí ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá náà fi ń sùn nínú rẹ̀. Nígbà tó di 1972, Aureol kò fi Liverpool ṣe ibùdókọ̀ mọ́. Ní 1974 ó fi ọ̀nà Èkó sílẹ̀ pátápátá. Pápá ọkọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ṣí ní Ìkẹjà ní 1979, láti ìgbà náà lọ, ojú sánmà ni ọ̀nà òkè òkun.

Nínú bàálù ni ọ̀já ti pàdánù ipò rẹ̀ pátápátá, ọ̀rọ̀ náà sì yẹ kí èèyàn dúró lé lórí díẹ̀. Bí bàálù bá fẹ́ gbéra tàbí tó fẹ́ balẹ̀, wọn kò gbà kí ìyá pọn ọmọ, wọn kò sì gbà kó so ó mọ́ àyà. Ìdí rẹ̀ kò le: bí bàálù bá dúró gìrì, ara ìyá á tẹ ohun tó wà láàárín òun àti àga. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Yúróòpù, wọ́n á fún un ní bẹ́líìtì kékeré tí wọ́n ń kì bọ inú tirẹ̀, kó fi de ọmọ náà lórí itan. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba kò gba bẹ́líìtì yẹn láàyè ní àkókò gbígbéra àti bíbalẹ̀. Ọwọ́ ni ìyá fi ń di ọmọ mú, tàbí kó ra ìjókòó fún un. Ìyá kan náà, ọmọ kan náà, ìlànà méjì tó takora. Ìgbà tí bàálù bá ti dúró ní afẹ́fẹ́, tí iná bẹ́líìtì kú, ìyá lè dìde kó pọn ọmọ rẹ̀ rìn lọ rìn bọ̀ láàárín àga. Ọ̀pọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ a sì sùn.

Etí ni ìyọnu kejì. Afẹ́fẹ́ inú bàálù dà bíi ti orí òkè tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 8,000, bó bá sì ń sọ̀ kalẹ̀, ìyípadà náà ń fún etí pọ̀. Àgbà á gbé itọ́ mì, etí á là. Ìkókó kò mọ èyí, àfi kó mu nǹkan. Àwọn dókítà ní kí ìyá fún un lọ́mú bí bàálù bá ti ń sọ̀. Ní Òkukù, ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò dókítà kó tó fún ọmọ tó ń ké lọ́mú? Ṣùgbọ́n àṣà kan wà tó yẹ kí wọ́n fi sílẹ̀ sílé: rírọ ọmọ, tí wọ́n ń tẹ́ ọmọ sórí itan, tí wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ da ògì tàbí àgbo sí i lẹ́nu. Omi lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró nílé. Nínú bàálù tó ń mì, ewu náà pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìbejì wá ni àdììtú tòótọ́. Ilẹ̀ Yorùbá ni ibi tí wọ́n ti ń bí ìbejì jù láyé. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Ìgbò-Ọrà ní àwọn ọdún 1960 àti 1970 rí bíi 45 nínú 1000 ìbí. Òfin bàálù sì ni pé àgbà kan, ọmọ kan lórí itan. Ohun tó fà á ni bẹ́líìtì àti ìbòmú afẹ́fẹ́, tó níye lórí ìlà ìjókòó kọ̀ọ̀kan. Ìyá Táíwò àti Kẹ́hìndé tó ń dá lọ gbọ́dọ̀ ra ìjókòó fún ọ̀kan kó sì gbé àga ọmọ dání, tàbí kó wá ẹni tí yóò bá a gbé ìkejì. Ọmọ orí itan tí kò pé ọdún méjì sábà máa ń san bí ìdá mẹ́wàá owó àgbà lórí ìrìn òkè òkun. Èyí tó ní ìjókòó tirẹ̀ ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Kò sí ẹni tó ro ti Ìgbò-Ọrà mọ́ òfin yìí.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti bébà. Nígbà kan, orúkọ ọmọ máa ń wà nínú pásípọ́ọ̀tù ìyá rẹ̀, ó sì tán. Àwọn orílẹ̀-èdè fi èyí sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá a dúró ní oṣù kẹwàá 1998. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe ohun méjì míì ṣáájú ìyẹn tó kan ọmọ ará Inísà tààrà. Láti 1 oṣù kìíní 1983, ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ kì í di ọmọ ilẹ̀ náà nítorí ìbí nìkan mọ́. Ó di ohun tí wọ́n ń wo ìwé òbí fún. Ní 1986, wọ́n kéde pé àwọn ọmọ Nàìjíríà yóò máa gba físà kí wọ́n tó dé. Lónìí, ọmọ oṣù méjì pàápàá ń gba físà tirẹ̀. Wọn kì í tẹ̀ ìka ọmọ tí kò pé ọdún márùn-ún, ṣùgbọ́n fọ́tò rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà.

Bí wọ́n ṣe ń tò ó jọ nílé nìyí. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, torí ọmọ tí kò lórúkọ kò ní tíkẹ́ẹ̀tì. Baba àgbà sọ ọ́ ní tirẹ̀, ìyá àgbà méjèèjì sọ ọ́ ní tiwọn, àlùfáà tàbí pásítọ̀ fi tirẹ̀ kún un, gbogbo ẹbí sì ń ju owó sínú abọ́. Ojú ẹsẹ̀ ni kí òbí ti mọ èwo ni yóò wọ ìwé, torí orúkọ inú ìwé ẹ̀rí ìbí, inú pásípọ́ọ̀tù àti inú tíkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ bára mu lẹ́tà dé lẹ́tà. Àjọ Ìkànìyàn ló ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí ìbí. Ìkìrun jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́lódùn, Òkukù jẹ́ ti Odò-Ọ̀tìn tí Inísà wà lábẹ́ rẹ̀. Ti pásípọ́ọ̀tù, Òṣogbo ni wọ́n ń lọ, pẹ̀lú ìwé ìyọ̀ǹda òbí. Bó bá jẹ́ òbí kan ló ń mú ọmọ lọ, ìwé ìyọ̀ǹda òbí kejì ló ń gba èèyàn lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìbéèrè níbodè. Lẹ́yìn èyí ni abẹ́rẹ́. Oṣù mẹ́sàn-án ni ọmọ ń pé kí wọ́n tó gún un ní abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, èyí tó ń wọ káàdì aláwọ̀ ìyeyè. Láti 2016, abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan náà ti tó fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì tó ìwọ̀n yẹn ń gbé ìwé dókítà tàbí káàdì àjẹsára rẹ̀ dání.

Àwọn ìyá àgbà náà ń rìn báyìí. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún 1960 kò ní ní Lọ́ńdọ́nù, ọmọ rẹ̀ tàbí ọmọ ọmọ rẹ̀ ń sanwó tíkẹ́ẹ̀tì fún un: kí màmá wá wẹ ọmọ. Àpótí irú màmá bẹ́ẹ̀ yẹ fún ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ọṣẹ dúdú wà níbẹ̀, kànhìnkànhìn, òrí, àdí, èlùbọ́, ọ̀já tuntun méjì. Ẹran gbígbẹ kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, torí aṣọ́bodè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà kò gbà á, wọn a sì máa gbà á lọ́wọ́ èèyàn. Omi ni kó ṣọ́ jù. Ní 10 oṣù kẹjọ 2006, nígbà tí ọlọ́pàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tú àṣírí àwọn tó fẹ́ fi omi inú ìgò ṣe bọ́ǹbù, wọ́n fòfin de omi nínú bàálù lọ́jọ́ náà gan-an. Wàrà ọmọ wà lára ìwọ̀nba ohun tí wọ́n fi sílẹ̀, ìyá sì gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò lójú òṣìṣẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ kó kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwọ̀n 100 mílílítà dé. Wàrà àti omi oúnjẹ ọmọ ń kọjá bí ọmọ bá wà níbẹ̀. Àgbo inú ìgò ńlá, lọ́wọ́ màmá tó ń dá lọ bá ọmọ tó wà ní Houston, kò rí ẹni gbèjà rẹ̀. Inú àpótí tó ń lọ sí abẹ́ bàálù ni ààyè rẹ̀.

Kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò, ọ̀nà Èkó ṣì wà níwájú. Ìjọba Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pápá ọkọ̀ òfurufú ní Ìdó-Ọ̀ṣun ní ayé Gómìnà Rauf Aregbesola, ṣùgbọ́n ọkọ̀ òkè òkun kò gbéra níbẹ̀. Ìjọba kan náà ló bẹ̀rẹ̀ ọkọ̀ ojú irin ọ̀fẹ́ láti Èkó wá sí Òṣogbo nígbà ọdún, àwọn ìyá sì tún rí ara wọn lórí irin ọdún 1907, pẹ̀lú ọmọ lórí itan. Fún bàálù, títì ni wọ́n ń gbà. Ẹni tó fẹ́ wọ bàálù, yálà British Airways ni o, yálà Air Peace tó bẹ̀rẹ̀ sí í fò lọ sí Gatwick ní 30 oṣù kẹta 2024, máa ń sùn sílé ìbátan ní Ìkẹjà tàbí Agége lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Bíi wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ni bàálù ń gbà dé Lọ́ńdọ́nù. Ọ̀nà Ìkìrun sí Ìkẹjà lè gba iye kan náà bí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá wà ní Ìbàfò, ìdí nìyẹn tí pámpáàsì àti aṣọ ìpààrọ̀ fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìrìn méjì. Ibùsùn ìkókó inú bàálù, tí kì í gba ọmọ tó wúwo ju bíi kílò 11 lọ, kò tó fún gbogbo ọmọ inú ọkọ̀. Ẹni tó bá tètè pè wọ́n lẹ́yìn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ló ń rí i gbà.

Pásípọ́ọ̀tù tí wọ́n gbà fún ọmọ náà ní Òṣogbo á lò fún ọdún márùn-ún. Ojú ọmọ oṣù méjì ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yíbó, orí rẹ̀ kò tíì nírun tó pọ̀. Nígbà tí ọmọ náà bá ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn gba Gatwick padà wálé fún ọdún Iléyá, tó ti ń ka nọ́ńbà ara ògiri sókè, fọ́tò yẹn náà ni òṣìṣẹ́ ibodè á ṣì máa wò.